Fíìmù nípa ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò: ohùn ta ló yẹ kí òǹwòran gbọ́, báwo la sì ṣe ń gbà á sílẹ̀?

AkọtànFíìmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ìwé eré kan wà lọ́wọ́ wa, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tó tún ń fọwọ́ kan ọkàn, tí yóò gùn tó 100 ìṣẹ́jú. Ará àdúgbò 24 tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í ṣe olórin ló kóra jọ sí gbọ̀ngàn kan. Obìnrin kan tó ti pa iṣẹ́ orin tì ni wọ́n bẹ̀ kó wá darí wọn, oṣù mẹ́ta péré ló sì wà kí wọ́n tó dúró níwájú èrò.

Ohun mẹ́ta ló ń dà wá láàmú. Ṣé kí àwọn òṣèré kọrin lójú kámẹ́rà gan-an ni, àbí ká ti gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò ká wá máa gbé e sí i fún wọn? Báwo la ṣe máa jẹ́ kí orin tí kò dára pani lẹ́rìn-ín láìsọ àwọn èèyàn náà di ẹlẹ́yà? Orin mélòó ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lè gbé? Olówó iṣẹ́ ní tiẹ̀ fẹ́ ká gba ẹgbẹ́ akọrin tó mọṣẹ́, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, kí àwọn òṣèré wa kàn máa ya ẹnu.

Ọ̀pá_Adarí

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa pinnu àwọn tó kù.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á sọ fún àwọn òṣèré pé kí wọ́n "kọ ọ́ dàrú". Kálukú á wá máa ké bó ṣe wù ú. Ẹ̀rín irú rẹ̀ kì í pẹ́, etí á sì ti su òǹwòran kí ìran náà tó parí. Ẹni tí kò mọ orin kọ kì í mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ dàrú. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń wá ohùn náà, kò kàn rí i ni. Akitiyan yẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín, òun náà ni kì í jẹ́ ká fi ẹni náà ṣẹ̀sín.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ń kọrin láìsí dùùrù, ohùn wọn á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní key G (key ni ìró ìpìlẹ̀ tí orin dúró lé), wọ́n á parí ẹsẹ kẹta ní F tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní yé wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀, d' t l s (do òkè, ti, la, so nínú solfa), ìṣísẹ̀ wọn máa ń gùn jù. Nígbà tó bá ń gòkè, ó máa ń kúrú jù. "T" tó yẹ kó sún mọ́ "d'" pẹ́kípẹ́kí kì í fẹ́ débẹ̀. Bí ohùn kan náà bá sì ń tún wáyé léraléra, s s s s, èémí á ti máa tán lọ, ohùn á máa rẹ̀ sílẹ̀.

Wọn kì í wọlé pọ̀. Ẹnì kan tó dá ara rẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ á ṣáájú, mẹ́rin á tẹ̀ lé e, àwọn tó kù á wá dá sí i nígbà tí wọ́n bá rí i pé kò léwu mọ́. Ojú gbogbo wọn wà nínú ìwé, nítorí náà ohùn ń lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò rí adarí, orin sì ń falẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orin bá parí sí "s", bó ṣe máa ń rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbọ́ "s" náà lẹ́ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹlòmíràn tún ń pe "a" gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ń pè é bí ẹni fẹ́ pe "ẹ"; ohùn àwọn méjèèjì tọ̀nà lórí solfa, síbẹ̀ kò bára mu létí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé àléébù kan ni kí ẹ fún ìran kan. Kí òǹwòran mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, kí adarí tún un ṣe lójú wa pẹ̀lú oògùn gidi: ẹni méjì péré ni kó máa pe "s" ìparí yẹn, kí àwọn tó kù dákẹ́. Ní ti èémí, ó máa sọ fún wọn pé: ẹ má ṣe mí níbi tí gbogbo ayé ti ń mí, bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá ń mí, ìwọ dúró, fi ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, mí, kí o sì padà wọlé jẹ́jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta tí ohùn gígùn kan ò já mọ́, ẹni tó ń wò á gbọ́ ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ẹ lè kọ sí ẹnu ẹnikẹ́ni tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

MáìkìMéjì

Ọ̀rọ̀ Ọ̀pá_Adarí ti dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn dé ìdajì. Méjèèjì lẹ máa lò: ẹ gba ìran ìdánrawò lójú kámẹ́rà, kí ẹ sì ti gba orin ìparí sílẹ̀ kí ọjọ́ yíyà tó pé.

Nínú ìdánrawò, ọ̀rọ̀ àti orin ń já lu ara wọn. Adarí á dá wọn dúró láàárín ọ̀rọ̀, ẹnì kan á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Orin sítúdíò ò lè bá irú èyí rìn. Ẹ gbé máìkì méjì síwájú ẹgbẹ́ náà, 17 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, kí igun wọn jẹ́ 110 dígírì, kí wọ́n ga ju orí àwọn tó dúró lọ. Ẹ tún fi máìkì kékeré sára àwọn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sí 48 kHz, 24 bit.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni dùùrù. Bí dùùrù bá ń dún nínú yàrá, ó ti wọnú gbogbo máìkì nìyẹn. Ẹ ò ní lè gé yíyà kejì mọ́ yíyà karùn-ún láìjẹ́ pé dùùrù fò. Ẹ lo kíbọ́ọ̀dù tí kò dún síta, kí ohùn rẹ̀ lọ sínú ìgbọ́hùn kékeré tó wà létí adarí àti ẹnì kan nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní kejì ni pé key ò ní yí padà. Láìsí èyí, yíyà àkọ́kọ́ á parí ní ibì kan, ìkẹta á parí nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń gé fíìmù á wá máa sunkún.

Àwọn tó ya Les Misérables ti ọdún 2012 lo ọgbọ́n yìí. Àwọn òṣèré kọrin lójú kámẹ́rà, dùùrù ń dún sí wọn létí, wọ́n wá fi àwọn ohun èlò orin tó kù kún un lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹnì kan tàbí méjì ló sábà máa ń kọ níbẹ̀. Èèyàn 24 lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Orin ìparí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí adarí gidi darí rẹ̀ bó ṣe fẹ́, kí ó fà á níbi tó yẹ kó fà. Láti inú ìyẹn lẹ ti máa ya ètò ìyára rẹ̀, kí kílíìkì, ìyẹn ìró tó ń ka orin sí wọn létí, tẹ̀ lé e. Àwọn tó máa ń fi kílíìkì tó dúró lójú kan bẹ̀rẹ̀ ni orin wọn máa ń le gbagidi. Ẹ fi kíkà báà méjì (báà ni ìpín kíkà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé orin) síwájú orin kí gbogbo wọn lè mọ ibi tí wọ́n á ti mí.

Lọ́jọ́ yíyà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ẹnu lásán. Kí wọ́n kọ ọ́ jáde. Ọ̀fun, ìhà àti èjìká ló ń tú àṣírí ẹni tó ń díbọ́n, kì í ṣe ètè.

Olóhùn_Áàtò

Ẹ̀yin ọ̀gá ti parí ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí àwa áàtò náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwa tí wọn kì í gbé adùn orin fún.

Nínú orin ohùn mẹ́rin, tírébù ló ga jù, áàtò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tẹ́nọ̀, báàsì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohùn áàtò máa ń jókòó sórí ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin: s s s f s s l s. Bí ẹnì kan bá ń fi ìyẹn nìkan dánra wò nínú ilé, ẹ ò ní mọ orin tó ń kọ láéláé. Ẹ lò ó! Ní ìṣẹ́jú 15, ẹ jẹ́ kí obìnrin áàtò kan máa kùn ún níbi tó ti ń fọ abọ́, kí ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ni gbogbo èyí. Ní ìṣẹ́jú 30, kí ọkùnrin báàsì kan máa fi tirẹ̀ rìn lọ lójú ọ̀nà, d s d s. Tẹ́nọ̀ náà ń bọ̀. Ẹ fi ti tírébù, tó gbé adùn, pamọ́ pátápátá. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 60, òǹwòran á mọ ohùn kọ̀ọ̀kan, á tún mọ ẹni tó ni ín.

Nǹkan kan ló lè ba èyí jẹ́: bí àwọn ohùn abẹ́ náà ò bá ní ìdánimọ̀. Ẹni tó ń to orin gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n mọ̀ fún áàtò ní ìrìn kan tí etí lè dì mú, ó kéré tán ìdákẹ́ kan ní ibi tí a ò retí. Nítorí náà, ẹ gba atòrin kí ìwé eré tó parí. Àwọn tó ń kọ ìwé eré tán kí wọ́n tó wá orin, ẹ̀yìn ni wọ́n ń bá lọ.

Ní ti ẹ̀rín, inú ìṣe ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti wá a. Tẹ́nọ̀ kì í tó. Nínú 24, ẹ ṣe é ní tírébù 9, áàtò 8, tẹ́nọ̀ 3, báàsì 4, gbogbo akọrin tó bá ń wò ó á rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú tẹ́nọ̀ mẹ́ta yẹn kì í tiẹ̀ ṣe tẹ́nọ̀, ohùn báàsì ló ní. Wọ́n fipá gbé e gòkè ni, ojú rẹ̀ á pọ́n tó bá kan F òkè. Adarí á ní "ẹ bẹ̀rẹ̀ láti báà 17", ẹnì kan á béèrè pé ojú ìwé wo, wọ́n á dá a lóhùn, ẹlòmíràn á tún béèrè ìbéèrè kan náà. Ó ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí wọ́n á ti mí, pẹ́ńsù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Ẹnì kan jókòó sórí àga ẹlòmíràn. Ìyẹn gan-an lè dá ìjà tó máa gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀.

AkọtànFíìmù

Ọ̀rọ̀ fífi ohùn kọ̀ọ̀kan pamọ́ yìí ti yí ìwé eré wa padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n áàtò.

Ṣùgbọ́n olówó iṣẹ́ ò tíì gbà. Ó ní tí orin ìparí ò bá dùn bí ti àwọn tó mọṣẹ́, àwọn èèyàn á ní a fi owó ṣòfò. Nínú àwọn òṣèré wa náà, àwọn kan ò lè mú ohùn rárá. Ẹni tó fẹ́ ṣe adarí ò sì darí orin rí.

MáìkìMéjì

Ẹ sọ fún un pé etí ń ka èèyàn. Bí ojú bá rí 24, tí etí gbọ́ 60, òǹwòran ò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti já. Ohùn ẹni tó kọ́ṣẹ́ tún máa ń gbọ̀n rìrì lọ́nà kan tí ti ará àdúgbò kì í gbà, ọjọ́ orí sì máa ń hàn nínú ohùn: ẹ ò lè fi ohùn ọmọ ọdún 25 sí ẹnu ìyá ẹni ọdún 70.

Ẹ lè yá ohùn o, àpẹẹrẹ wà. Nínú Les Choristes ti ọdún 2004, ẹgbẹ́ Les Petits Chanteurs de Saint-Marc ti ìlú Lyon ló kọ orin tí a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: ọmọ tó dá orin kọ nínú fíìmù náà, Jean-Baptiste Maunier, inú ẹgbẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti mú un. Ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ò yapa. Ẹni tí kámẹ́rà bá sún mọ́, tirẹ̀ ni kó kọ.

Bí mo bá ní kí n pín in, mo máa mú 14 láti inú ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò gidi, kí 10 jẹ́ òṣèré. Òṣèré tí kò lè mú ohùn, ẹ fi í sáàárín àwọn méjì tó mọ ohùn ìsọ̀rí rẹ̀ dáadáa. Etí rẹ̀ á tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn 24 yẹn kan náà ni kó kọ orin ìparí, nínú gbọ̀ngàn tó jọ ti fíìmù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó nípọn, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, kí máìkì sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹnì kan náà bá dúró sójú kan náà níwájú máìkì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ á máa jẹ ara wọn, á dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin nínú páìpù.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ: ẹ gba èyí tí kò dára sílẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí ìwé orin náà, kí máìkì ti ṣí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ìṣìnà ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò sí òṣèré tó lè ṣe é lẹ́yìn tó bá ti mọ orin náà. Ẹ tún gbà á láàárín, lẹ́yìn ìdánrawò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìparí wá kẹ́yìn. Ohùn mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan náà. Ìdàgbàsókè tí olówó iṣẹ́ ń wá wà níbẹ̀, owó sítúdíò ńlá ò lè rà á.

Ọ̀pá_Adarí

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹni tó ṣe adarí, òun ni òǹwòran tó mọ orin máa kọ́kọ́ mú. Àléébù wọn kì í ju ẹyọ kan lọ: ó ń tẹ̀ lé orin dípò kó ṣáájú rẹ̀. Etí rẹ̀ á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á wá sọ̀. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ adarí gidi ti débẹ̀ kí ohùn tó jáde.

Ẹ kọ́ ọ ní ohun díẹ̀, kí ó mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀. Orin oníkíkà mẹ́rin, ọwọ́ ọ̀tún: sísàlẹ̀, sí òsì, sí ọ̀tún, sókè. Oníkíkà mẹ́ta: sísàlẹ̀, sí ọ̀tún, sókè. Kí ọwọ́ òsì má ṣe jọ ti ọ̀tún bí ẹni ń wo dígí; òsì wà fún kí ohùn lọ sílẹ̀ tàbí kó gòkè, àti láti pe ìsọ̀rí wọlé. Kíkà kan kí ìsọ̀rí kan tó wọlé, ojú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lára wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni ìgbọ́wọ́sókè àkọ́kọ́, kíkà kan péré ṣáájú orin. Inú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà: bí orin ṣe máa yára tó, bó ṣe máa ga tó, ìgbà tí wọ́n á mí. Adarí náà gbọ́dọ̀ mí pẹ̀lú wọn. Tí ìgbọ́wọ́sókè yìí bá ṣe ṣákálá, kò sẹ́ni tó máa mọ ìgbà tí òun á wọlé. Ẹ rí i pé ìtàn obìnrin yín wà níbẹ̀? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ náà, ó kàn ju ọwọ́ sísàlẹ̀, wọ́n sì tú ká. Ní ìparí, ó gbọ́wọ́ sókè, ó mí, gbogbo èèyàn 24 mí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, tó fún un, bó bá jẹ́ pé orin ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró níwájú akọrin tí ẹ ti kìlọ̀ fún pé ohun tó bá ṣe ni kí wọ́n ṣe: bó bá falẹ̀, kí wọ́n falẹ̀, bó bá dúró, kí wọ́n dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wákàtí kan irú èyí ju ọjọ́ mẹ́ta níwájú dígí lọ.

AgéFíìmù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwa tó wà lẹ́yìn.

Ìyára kámẹ́rà àti ti ẹ̀rọ tó ń gbé orin sí i gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹ tó ya férémù kan (férémù ni àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù). Ẹlòmíràn á fi kámẹ́rà sí férémù 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á wá fi iṣẹ́ àgékù sí 23.976, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ìyàtọ̀ wọn, férémù kan sì ń sọnù láàárín nǹkan bí 42 ìṣẹ́jú àáyá. Orin tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, férémù mẹ́rin ti lọ nìyẹn, ojú sì ti máa ń fura láti bíi méjì. Kí orin tí ẹ ń gbé sí i ní àmì àkókò tirẹ̀, kí ó hàn lórí pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀ yíyà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ya gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀ ṣáájú, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí tẹ̀ lé e. Ojú kọ̀ọ̀kan ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ìbáramu ìran gbọ́dọ̀ kọ ojú ìwé tó yẹ kó ṣí ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọwọ́ tí olúkúlùkù fi di ìwé mú, àti ẹni tó bọ́ awò. Àwọn ìwé orin yìí ti ba àgékù jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ẹ wo bí ẹnì kan ṣe ń ṣí ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹsẹ kan.

Àwọn tó jókòó bí èrò ìwòran nínú fíìmù náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin ìparí rí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún wọn, ẹ gbé kámẹ́rà méjì kọ ojú sí wọn, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn lẹ ń wá. Tó bá di ìgbà keje, ẹni tó ń sunkún ti ń sunkún iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí gígé: ẹ gé sí akọrin nígbà tó ń mí, kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Bí ẹ bá gé sí i lórí ohùn gan-an, ó máa ń dà bí pé a pẹ́ dé. Ìran ẹlẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ojú adarí ni kí ẹ dúró sí nígbà tí ohùn burúkú náà jáde. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni obìnrin tó ń gbìyànjú kí òun má rẹ́rìn-ín.

MáìkìMéjì

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti AgéFíìmù. Bí ẹni méjì bá ní láti sọ̀rọ̀ níwájú nígbà tí ẹgbẹ́ ń kọrin lẹ́yìn wọn, ẹ má gbé orin sí i síta. Ẹ fi ìlù abẹ́ tó lọ sílẹ̀ gan-an, bíi 40 Hz tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, sínú ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Ara wọn á gbọ́ ìlù náà, wọ́n á máa kọ láìmú ohùn jáde. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì yẹn á mọ́, ẹ ó sì sẹ́ ìlù abẹ́ náà kúrò lẹ́yìn náà torí pé ohùn èèyàn ò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ gba 60 ìṣẹ́jú àáyá ìdákẹ́rọ́rọ́, kí ẹ sì fọ́ bàlúùnù kan kí ẹ gba ariwo rẹ̀. Ariwo yẹn la fi ń gbé orin tí a gbà níbòmíràn padà sínú yàrá náà.

ÌwéÀdéhùn

Ẹ ti ń ya fíìmù lọ, ẹ ò tíì béèrè ẹni tó ni orin.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà: ti orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn, àti ti gbígbà tí ẹnì kan ti gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá fi akọrin tiyín kọ ọ́, ẹ bọ́ lọ́wọ́ èkejì, ẹ ò bọ́ lọ́wọ́ àkọ́kọ́. Àṣẹ láti fi orin pọ̀ mọ́ àwòrán, ọ̀tọ̀ ni sí àṣẹ láti kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn. Kò sí òfin tó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ò jẹ́ nǹkan kan. Kíkùn tí obìnrin áàtò ń kùn nídìí abọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ní kí ẹ̀tọ́ náà wà fún 50 ọdún ó kéré tán lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti sọ ọ́ di 70. Messiah, iṣẹ́ orin ńlá fún ẹgbẹ́ akọrin tí Handel kọ ní 1741, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Dublin ní 1742, ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tún un tò lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, tàbí tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ wà lórí iṣẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: wọ́n á ní orin àtijọ́ ni, ìwé tí wọ́n sì di mú, ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ parí àdéhùn kí ẹ tó ya ohunkóhun. Orin abẹ́ ìran ṣeé pààrọ̀, orin tó ti wà lẹ́nu èèyàn 24 ò ṣeé pààrọ̀. Bí ẹ bá ní kí atòrin kọ tuntun, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé fíìmù, ìpolówó, íntánẹ́ẹ̀tì àti àwo orin wà nínú rẹ̀. Kí akọrin 24 náà fọwọ́ sí ìwé lórí ohùn wọn pẹ̀lú, kì í ṣe lórí ojú wọn nìkan.

AkọtànFíìmù

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè tó kù: orin mélòó, ṣé kí wọ́n sì borí? Nínú ìwé eré báyìí, ìdíje ni wọ́n lọ, wọ́n gba ipò kìn-ín-ní.

Olóhùn_Áàtò

Ipò kìn-ín-ní kẹ̀? Ẹgbẹ́ tó ní tẹ́nọ̀ mẹ́ta?

Ọ̀pá_Adarí

Ẹ ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí 24 ni gbogbo ìdánrawò wọn. Láàárín ìyẹn, ẹgbẹ́ bí èyí lè mọ orin ohùn mẹ́rin tó rọrùn bíi mẹ́ta, kí wọ́n sì mọ ọ̀kan nínú rẹ̀ dáadáa. Tírébù tí kò kọjá F, báàsì tí kò sọ̀ kalẹ̀ kọjá G, kò sí ìpín ohùn sí mẹ́jọ, kò sí ibi tí ohùn ti ń sáré. Bí wọ́n bá kọ orin tó ju ìyẹn lọ, àwọn akọrin tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì yín, tí wọn ò sì kéré, á bú sẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ò fẹ́.

AkọtànFíìmù

Ṣùgbọ́n fíìmù amúnúdùn ni, ọ̀gá. Bí wọn ò bá borí, inú ta ló máa dùn?

AgéFíìmù

Inú ń dùn síbi tí ohun tí a ti ń retí bá ṣẹlẹ̀. Ẹ yan ohun tí a máa retí. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò tíì la ẹnu láti ìṣẹ́jú 10, ó kàn ń wá jókòó. Bó bá la ẹnu ní ìṣẹ́jú 92, ta ló bìkítà fún ife ẹ̀yẹ? Bí ẹ bá fi ìdíje sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí èsì rẹ̀ kọjá wéré, nínú gbólóhùn kan, lẹ́yìn tí orin ti parí.

Ọ̀pá_Adarí

Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi á yọ ìdíje náà kúrò pátápátá. Kí orin ìparí má sì mọ́ tónítóní. Ẹni tó máa ń ṣáájú wọlé, jẹ́ kó tún ṣáájú díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. A ti mọ̀ ọ́n.

AgéFíìmù

Ní ti iye orin: ibi orin 7 sí 9, kí gbogbo rẹ̀ má ju nǹkan bí 18 ìṣẹ́jú lọ. Èyí tó pọ̀ nínú wọn, 30 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìparí nìyẹn, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Nínú ìwé eré, ojú ewé kan sábà ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n "wọ́n kọrin" jẹ́ ìlà kan tó lè gba mẹ́ta. Ẹ kọ iye àkókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti wáyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíìmù 100 ìṣẹ́jú yín á di 115 lórí tábìlì mi.

AkọtànFíìmù

Mo ti ń kọ ọ́ sí i báyìí. Bí a bá ka ti ìdíje kúrò, ojú ewé 11 ló bọ́ sílẹ̀.

Olóhùn_Áàtò

Ẹ fún áàtò ní mẹ́ta nínú rẹ̀.